Olùkọ́ àti òfin: Ìwé tó wà nínú fáìlì àti ọjọ́ tó ń lọ ló ń dá ẹjọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó dà bí ẹni pé àwọn olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn lọ. Bí wọ́n bá jẹ wọ́n lówó oṣù, wọ́n á gbàdúrà. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wá alágbára kan tí yóò bá wọn bẹ̀bẹ̀. Bí òbí bá wá gbá wọn létí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní kí Ọlọ́run dá a. Nítorí pé wọ́n ti ń sọ fún wọn tipẹ́ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, ó wá jọ pé ọ̀run náà ni wọ́n gbé ẹjọ́ wọn lọ.

Ká ní olùkọ́ kan ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nílùú Òṣogbo, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìjọba fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu aago ìjáde, ọ̀gá ilé ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó sì fún un ní lẹ́tà. Ìlà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: ìjọba kò nílò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kó dá ohun ìjọba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Wọn kò fún un ní kúẹ̀rì ṣáájú, ìgbìmọ̀ kankan kò sì pè é. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe?

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ kọmíṣọ́nnà. Yóò lọ sí Abẹrẹ, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba wà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí di ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Wọ́n á ní kó ṣe sùúrù, wọ́n á ní fáìlì rẹ̀ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá. Oṣù kan á lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó bá wá rántí lọ́yà, ìbéèrè méjì ni lọ́yà náà yóò kọ́kọ́ bi í: "Níbo ni lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ wà? Ọjọ́ wo ni wọ́n fún yín ní èyí?" Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì lè ti sọ ibi tí ẹjọ́ náà yóò já sí, kí adájọ́ tó gbọ́ ohunkóhun.

Oṣù mẹ́ta kì í pẹ́

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní irú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ pè wọ́n láàrin oṣù mẹ́ta. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn. Kì í ṣe pé adájọ́ yóò sọ pé olùpẹ̀jọ́ ló jẹ̀bi o. Wọn kò tilẹ̀ ní dé ibi ẹ̀bi tàbí àre rárá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn lọ́yà ti ń jiyàn lórí bóyá òfin yìí kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ tó wà láàrin ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dalami, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin oṣù mẹ́ta náà kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn. Nínú ìdájọ́ mìíràn tó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé kò kan àdéhùn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ kan dé láti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú Makurdi, èyí tó wà nínú ìwé ọdún 2021, òfin oṣù mẹ́ta náà tún dí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà. Nígbà tí ẹnu àwọn adájọ́ àgbà fúnra wọn kò bá kò, kò yẹ kí olùkọ́ fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dán an wò. Kó máa ṣe bí ẹni pé oṣù mẹ́ta péré ló ní.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í dá kàlẹ́ńdà dúró. Bí olùkọ́ bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, tó ń ṣèpàdé pẹ̀lú ẹgbẹ́, tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, oṣù mẹ́ta náà ń lọ ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó má bẹ̀bẹ̀. Kó sáà jẹ́ kí lọ́yà máa múra ìwé sílẹ̀ bí òun náà ti ń bẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀

Lójú òfin, gbogbo iṣẹ́ kọ́ ló dọ́gba. Ẹni tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ lè ní kó máa lọ, bó bá ti fún un ní owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òfin ti là kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn sí i àti bí wọ́n ṣe ń yọ ènìyàn níbẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lè fi ìbínú gbà á. Lọ́dún 1981, nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó ń jẹ́ Shitta-Bey, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní agbára òfin, kì í ṣe ohun tí ọ̀gá lè pa tì bó bá wù ú. Lọ́dún 1985, ọ̀rọ̀ kan àwọn olùkọ́ gan-an. Yunifásítì Èkó fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaniyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ìdádúró láìtẹ̀ lé ìlànà tó wà nínú òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé lẹ́tà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tí àwọn olùkọ́ kò tíì gbàgbé ni ti Ìlọrin. Lọ́dún 2001, Yunifásítì Ìlọrin lé àwọn olùkọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Ìlọrin dá wọn láre. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Wọn kò fi sílẹ̀. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Ẹni tó bá sọ pé òfin kì í gbè olùkọ́, ẹjọ́ Ìlọrin ti já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé kóòtù kì í pẹ́, ẹjọ́ yìí kan náà ni kó lọ kà.

Nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Láti ọdún 2011 tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó bá jẹ mọ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Olùkọ́ tó bá gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ti ṣìnà nìyẹn, oṣù tó bá sì lò níbẹ̀ lè pa á lára. Bí ìdájọ́ National Industrial Court kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, kò dé iwájú mọ́. Ìyẹn nìkan ti dín ọ̀nà kù.

Àwọn olùkọ́ Ọ̀ṣun náà mọ bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe lè yí padà lóru ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí gómìnà tuntun gba ọ̀pá àṣẹ, ìjọba fagi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tó wáyé lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún náà. Àwọn olùkọ́ tuntun wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ènìyàn ì báà máa ṣe, ìbéèrè tí kóòtù máa ń béèrè nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yí padà. Ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà? Ṣé wọ́n tẹ̀ lé ìlànà kí wọ́n tó gbà á? Ṣé olùkọ́ náà ṣì wà ní ọdún ìdánwò ni, àbí wọ́n ti fún un ní lẹ́tà tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀? Nítorí náà, olùkọ́ tó ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí kò tíì gba lẹ́tà yìí, kó kọ̀wé béèrè fún un lónìí. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé kọ́ ló yẹ kó máa wá a.

Bí kúẹ̀rì bá dé

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ń sọ náà nìyẹn: wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ènìyàn kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Kúẹ̀rì tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rù yìí, ẹ̀tọ́ ni. Àyè tí òfin fún un láti sọ tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ìbínú fa kúẹ̀rì ya, tàbí tó kọ̀ tí kò dáhùn, ti fúnra rẹ̀ ju àyè náà nù, kò sì ní lè sọ fún adájọ́ pé wọn kò gbọ́ tẹnu òun.

Ìdáhùn sí kúẹ̀rì kò nílò gígùn. Kó dé láàrin àkókò tí wọ́n dá. Ohun tí wọ́n béèrè ni kó dáhùn, láìbú ẹnikẹ́ni. Bí ìwé kan bá wà tó gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, bíi rẹ́jísítà kíláàsì tàbí ìwé ilé ìwòsàn, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ sí i. Pàtàkì jù lọ, ẹ̀dà méjì ni kó mú lọ. Kí akọ̀wé tó gbà á fọwọ́ sí èkejì, kó kọ déètì sí i, kó lu òǹtẹ̀, kí olùkọ́ sì mú un lọ sílé. Lẹ́tà tí kò sí ẹ̀rí pé wọ́n gbà á, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò kọ.

Òfin yìí kan àwọn olùkọ́ tó ń jókòó ṣe ìgbìmọ̀ ìbáwí pẹ̀lú. Lọ́dún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé nítorí rògbòdìyàn padà sílé ẹ̀kọ́. Lára ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí wọn wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Bákan náà, ẹ̀sùn tó bá jẹ́ ọ̀ràn lójú òfin, bíi iná sísun, ilé ẹjọ́ ló ni í, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Nítorí náà, olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bú tàbí tó jí ní fóònù, kó wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ni, kó má jókòó bí adájọ́ níbẹ̀. Bó bá jókòó, òun gan-an ló ń ba ẹjọ́ ilé ìwé jẹ́.

Bí ilé iṣẹ́ ìjọba bá kọ̀ láti fún olùkọ́ ní ẹ̀dà ìwé tó yẹ kó rí, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀.

Owó oṣù tí wọ́n san lábọ̀

Kò sí olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ọ́ṣun láàrin ọdún 2015 sí 2018 tí yóò gbàgbé àkókò náà. Láti oṣù keje ọdún 2015, àwọn tó wà ní ìpele kìíní sí keje ń gba owó wọn pé. Àwọn tó wà ní ìpele kẹjọ sí kẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn tó wà ní ìpele kejìlá sókè sì ń gba ìdajì. Ìjọba tó dé ní ìparí ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ sí san lára gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò irú gbèsè báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wúlò. Olùkọ́ tó bá ní ìwé owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù lè fi ọwọ́ tọ́ iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ di ẹ̀pà, ohun tí ìjọba bá kọ ni yóò gbà. Kí olùkọ́ sì mọ̀ pé òfin tó ń darí ìjà òṣìṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kò ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣù àwọn ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Kó ro ìyẹn mọ́ ọn kó tó jókòó sílé.

Àwọn olùkọ́ ilé ìwé aládàáni

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò kẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ilesa Grammar School ti wà láti ọdún 1934, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nílùú náà ló sì di Yunifásítì Iléṣà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló ń rí iṣẹ́ ìjọba. Ilé ìwé aládàáni ni ọ̀pọ̀ ń lọ, ibẹ̀ sì ni òfin ti tín-ín-rín jù.

Bí ẹni tó ni ilé ìwé bá ní kí olùkọ́ máa lọ, kóòtù kì í sábà fi ipá dá a padà. Ohun tí olùkọ́ lè gbà ni owó àkókò ìkìlọ̀ tó wà nínú àdéhùn wọn àti owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí. Bí kò bá sí lẹ́tà, kó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tó ń fi hàn pé ilé ìwé náà ń sanwó fún un, àti ìwé èyíkéyìí tó bá ní orúkọ rẹ̀ àti ti ilé ìwé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tó jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024 kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó márùndínlọ́gbọ̀n. Nítorí náà, kí olùkọ́ ka iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó sọ pé wọ́n ń yan òun jẹ.

Pàṣán àti ọlọ́pàá

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Abala 295 nínú òfin ọ̀ràn dídá, ìyẹn Criminal Code, gbà kí olùkọ́ bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí i: ìbáwí tó bá kọjá agbára ọmọ, bí a bá wo ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìlera rẹ̀, kò ní ààbò lábẹ́ òfin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti sọ di tirẹ̀, tún kọ ìyà tó ń ṣe ọmọ léṣe tàbí tó ń tàbùkù rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1893 ni ilé ẹjọ́ ti sọ nínú ẹjọ́ Williams àti Eady pé irú ìtọ́jú tí bàbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀ ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ̀n yẹn ṣì wúlò. Kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun yóò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi pàṣán náà na ọmọ òun.

Bí òbí bá mú ọlọ́pàá wá sílé ìwé, kí olùkọ́ má sá, kó má sì jà. Abala 35 ìwé òfin fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó fọkàn tán sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó gbọ́. Níbi tí kóòtù bá wà láàrin ogójì kìlómítà, bí irú Òṣogbo àti Iléṣà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e dé kóòtù. Kó má fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí kò kà.

Bó bá jẹ́ òbí ló na olùkọ́, ọ̀ràn ni lójú òfin kan náà. Kó kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, kó gba ìwé ní ilé ìwòsàn, kó kọ orúkọ àwọn tó rí i sílẹ̀, kó tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́

Olùkọ́ kò dá nìkan wà. Láti ọdún 1931 ni ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ti wà, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó olùkọ́ ìjọba, nítorí náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe, kì í ṣe àánú. Àjọ Legal Aid Council, tó ti wà láti ọdún 1976, ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ló lè wọlé síbẹ̀. Public Complaints Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìwà ilé iṣẹ́ ìjọba láìgba kọ́bọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì dé kóòtù.

Kí a wá padà sọ́dọ̀ olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ká ní fáìlì kan wà nílé rẹ̀, tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àti lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀, lẹ́tà ìgbéga, ìwé owó oṣù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ TRCN àti ẹ̀dà gbogbo kúẹ̀rì tó ti dáhùn rí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó gba lẹ́tà yẹn, yóò kọ déètì àti aago tó gbà á sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, yóò wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lọ́yà yóò ti rí fáìlì náà. Bó bá wù ú, kó ṣì lọ bẹ kọmíṣọ́nnà, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún un pé yóò jàre. Àwọn ti Ìlọrin kò mọ̀ lọ́dún 2001 pé àwọn yóò jàre lọ́dún 2009. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.